Kí O Tó Fi Oko Ìyá Bọ́sẹ̀ Ránṣẹ́

Odòjọmu,
Oǹdó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Títílọlá ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú oòrùn. Ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà, ìyẹn náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ láti rí lẹ́tà. Àná yìí náà la jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwọ náà á sì máa rò ó pé kí ló dé tí màmá tó ní fóònù lọ́wọ́ ń wá bírò kiri. Rọra. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí bí mo bá tún gbọ́ ohùn rẹ, màá tún sọ pé "ó dáa, ọmọ mi" bí mo ṣe sọ lánàá, èmi àti ìwọ á jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀.

Láti àná ni n kò ti lè jókòó sójú kan. Mo gbé ìrẹsì kaná, ó jóná. Mo lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan, mo dáhùn èyí tí wọn kò bi mí, gbogbo wọn sì ń wo ara wọn lójú. Lẹ́tà tí mò ń kọ yìí náà, mo ti dìde nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kìíní, mo lọ wo aṣọ tí mo sá sórí okùn. Ìgbà kejì, aṣọ yẹn kan náà ni mo tún lọ wò.

Kí o má ṣe rò pé iṣẹ́ wíwọn oko kòkó tí o rí yìí ni n kò fẹ́ o. Ta ló dúpẹ́ tó mi lọ́jọ́ tí wọ́n pè ọ́? Ọdún mẹ́rin gbáko lo fi jókòó ti ìwé ẹ̀rí, tí o ń bá mi ta ṣúgà àti ọṣẹ nínú ìsọ̀ kékeré iwájú ilé wa, nínú àkókò tó le tó báyìí, tí owó oṣù àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ pàápàá ń wá ní ìlàjì-ìlàjì. Ọjọ́ tí o gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún yín wálé wá hàn mí, o mọ̀ọ́mọ̀ tì í ṣubú láti orí tábìlì. Mo ké Jésù. Ìwọ bú sẹ́rìn-ín, o gbé e sókè, gíláàsì ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé orí tìmùtìmù ló ṣubú sí.

O ní, "Màmá, wọn ò ṣe èyí fún orí tábìlì o. Oko ni wọ́n ṣe é fún. Òjò ò ràn án, eruku ò ràn án. Bó bọ́ lórí ọ̀kadà, ẹ kàn máa gbé e nílẹ̀ ni."

Mo ní ṣé ó tún lè bá mi gún iyán.

Rọ́bà dúdú nípọn-nípọn ni wọ́n fi dì í yíká, ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù, o sì gbé okùn rẹ̀ kọ́ ọrùn. O mú mi jáde, o ní kí n máa wò ó. O rìn yíká ilé wa láti ẹ̀yìn ilé ìdáná dé ìdí ọsàn, àmì pupa kékeré kan sì ń tẹ̀ lé ọ, ó ń fa ìlà lójú gíláàsì náà. Bí o ti padà dé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, ìlà náà pa ẹnu dé, ó sì kọ bí ilẹ̀ wa ṣe fẹ̀ tó síta. O ní sátẹ́láìtì tó wà lókè ló ń rí ọ. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nǹkan kan gbé mi lọ́kàn. Iṣẹ́ tí èmi pẹ̀lú ọkùnrin méjì ń fi téèpù àti èèkàn ṣe látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nígbà tèmi, ìwọ nìkan ṣe é kí àgbàdo tó jinná lórí iná.

Ó dáa. Jẹ́ kí n to ìmọ̀ràn mi bí mo ṣe máa ń tò ó sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Èkíní. Ẹ̀rọ yẹn lágbára, ìwọ kò lágbára tó o. Rọ́bà ni wọ́n fi bo òun, awọ lásán ni Ọlọ́run fi bo ìwọ. Máa mu omi. Wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún. Má ṣe wọ sálúbàtà tí o fi ń lọ sí Ọjà Ọba wọ inú kòkó, nítorí ewé kòkó tó ti wọ́ sílẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ejò pamọ́. Bí ara rẹ kò bá yá, sinmi. Wọ́n lè wá tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn, èmi kò ní Títí mìíràn.

Èkejì. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, má ṣe gbé ẹ̀rọ yẹn sáàárín ojú rẹ àti ojú rẹ̀. Sọ ọ́ kalẹ̀, kúnlẹ̀, kí i, béèrè ara, béèrè ilé, béèrè bí òjò ṣe ń ṣe sí lọ́dọ̀ wọn. Àwọn èèyàn wa kì í bá ẹni tí kò wo ojú wọn sọ òótọ́. Má sì ṣe bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, bí fọ́ọ̀mù yín tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èmi ṣe é rí. Bàbá arúgbó kan lẹ́yìn Ìgbàrà-Òkè wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Lọ ka àwọn ewúrẹ́ yẹn ná. Bí kò bá tó ọ, kí o padà wá." Títí, mo kọ ewúrẹ́ méje sílẹ̀ lóòótọ́, nítorí n kò mọ ohun tí mo tún lè kọ. Ìyàwó rẹ̀ ló sin mí sọ́nà tó sì kọ́ mi pé kí n máa bi wọ́n pé àwọn mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò kan. Ìyẹn ni wọ́n máa ń dáhùn, wọn kì í sì í bínú sí i.

Ẹ̀kẹta. Má ṣe jẹ oúnjẹ ẹni tí o fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó kọ ọ́ tán. Omi tútù tó. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó bá ti jẹ iyán onílé, ojú á máa tì í láti bi onílé ní ìbéèrè kejì.

Ẹ̀kẹrin.

Mo kọ "ẹ̀kẹrin" sílẹ̀ báyìí, mo sì dìde lọ ká aṣọ tó ti gbẹ láti àárọ̀. Ọmọ mi, èmi ni mò ń yí ọ̀rọ̀ po. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Jẹ́ kí nọ́ńbà máa lọ ná. Màá lọ síbi tó ń dùn mí.

Inú rẹ ń dùn nígbà tí o pè lánàá. O ní, "Màmá, oko mọ́kànlá ni mo rìn lónìí! Ọ̀gá ní èmi ni mo ṣe jù." Mo bi ọ́ pé báwo ni ẹsẹ̀ méjì ṣe rin oko mọ́kànlá lọ́jọ́ kan. O ní Ọlọ́run ló rán ọkùnrin kan sí ọ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìgbàrà-Òkè. O ní èèyàn dáadáa ni, ó bá ọ gbé ẹ̀rọ gun òkè, ó sì sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọ. Nígbà tí ẹ dé apá kan nínú oko kòkó wọn tí wọ́n ti ro mọ́ tónítóní ju ìyókù lọ, o bi í pé ta ló ni ibẹ̀. Ó ní Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú. Ó wá sọ fún ọ pé, "Gbogbo rẹ̀ ti ẹbí ni, àǹtí. Ẹ jẹ́ ká rìn ín pọ̀, kó yá." Obìnrin náà kò sí nílé. Ó wà ní Àkúrẹ́, níbi tó ti ń wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ rìn ín pọ̀. O kọ gbogbo rẹ̀ sí orúkọ ọkùnrin náà, o ya fọ́tò rẹ̀ níwájú kòkó, ó tẹ̀ka sí i. O ní, "Màmá, ìlàjì ọjọ́ ló bá mi dín kù."

Èmi ní, "Ó dáa, ọmọ mi."

Kò dáa. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ lánàá nìyẹn, òun náà ni mo gbé bírò láti sọ. Kò dáa rárá, Títí.

Ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé fún mi pé inú tábúlẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ohun tí ẹ bá kọ ń gbé títí di ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ ó kó wọn dé ọ́fíìsì yín ní Àkúrẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, tí ẹ ó wá fi ránṣẹ́. O ní bó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn, ìwọ kò lè fọwọ́ kàn án mọ́, ọ̀gá rẹ náà kò lè fọwọ́ kàn án. O ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni wọn yóò fún ní ìwé oko, òun ni yóò máa gba irúgbìn àti oògùn kòkó, òun sì ni àwọn tó ń ra kòkó yóò mọ̀ sí olóko. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòní. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù fún Ìyá Bọ́sẹ̀, òun kò sì mọ̀. Ó wà ní Àkúrẹ́, ó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù fún ọmọ ìkókó.

Wàá ní kí ló kan màmá nínú ọ̀rọ̀ obìnrin tí kò rí rí. Jẹ́ kí n sọ fún ọ.

O mọ̀ pé mo ṣe irú iṣẹ́ yìí rí kí n tó di olùkọ́. Ìgbàkígbà tí o bá bi mí pé kí ló dé tí mo fi fi í sílẹ̀, mo máa ń sọ pé ìtọ́jú rẹ ni. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ láti kékeré. Bàbá rẹ pàápàá, mo parọ́ kan náà fún un, kò sì mọ òótọ́ títí ó fi sùn nínú Olúwa. Ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Àkúrẹ́ là ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan ṣoṣo. Nǹkan le, ó le gan-an. Wọn kò san owó oṣù fún bàbá rẹ àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á gbé àdá, á lọ bá àwọn olóko ro oko kí a lè rí nǹkan jẹ. Èmi rí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọn oko kòkó. Wọ́n fún mi ní téèpù gígùn kan, èèkàn, ìwé ńlá kan àti ọkùnrin méjì tí yóò máa bá mi di téèpù mú. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe dáadáa, àwọn yóò gbà á sí iṣẹ́ pátápátá. Mo fi gbogbo ara fẹ́ ẹ, nítorí oyún rẹ ti pé oṣù méje.

Wọ́n rán wa lọ sí abúlé kan ní ìkọjá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Oko opó kan wà níbẹ̀, Màmá Àbígéèlì ni wọ́n ń pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbin kòkó náà kí ọkọ tó kú. Odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà oko rẹ̀, igi kan ṣoṣo tí wọ́n dá lé e lórí sì ni wọ́n fi ń sọdá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló pàdé wa. Ó wo ikùn mi, ó ká ọwọ́ lé orí.

Ó ní, "Áà, àǹtí! Ẹ fẹ́ gun igi yẹn pẹ̀lú oyún? Uṣẹ́ ọba kì í parí o. Ẹ jókòó jàre."

Ó gbé àga fún mi sábẹ́ igi obì. Ó ní kí ìyàwó òun gún iyán. Ẹran ìgbẹ́ wà nínú ọbẹ̀ náà, èmi kò sì tíì fi ẹran kan ẹnu fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo jẹ ẹ́, mo lá ọwọ́. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń di téèpù jẹ tiwọn, wọ́n sùn lọ. Mo bi í pé Màmá Àbígéèlì ńkọ́. Ó ní ó lọ sí ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, òun á ránṣẹ́ pè é. Kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọwọ́. "Ṣé ẹ rí pèrègún tó wà lókè yẹn? Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọdá odò, ó lọ títí dé ìdí òkúta funfun kan. Díẹ̀ tó kù lẹ́yìn òkúta ni ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi."

Mo fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Mo fọkàn wọ̀n ọ́n, mo kọ iye ìṣísẹ̀ tí n kò ṣí. Mo sọdá odò nínú ìwé, n kò sọdá rẹ̀ ní tòótọ́. Kò fún mi ní rìbá o, kí o mọ̀. Ó ṣàánú mi ni, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣàánú mi.

Ìwé oko jáde lẹ́yìn tí mo bí ọ. Ẹ̀yìn mi lo wà nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, tí eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, tó mú ìwé kan lọ́wọ́ tí kò lè kà. Ó ní, "Wọ́n ní obìnrin aboyún kan ló wọn oko mi. Ṣé ìwọ ni?"

Mo ní èmi ni.

Ó ní, "N kò rí ọ lóko mi."

Kò pariwo. Bó bá jẹ́ pé ó pariwo ni, bóyá ǹ bá ti jà. Mo ní, "Màmá, akọ̀wé ló ṣì í kọ. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó gbà á gbọ́. Kó tó jáde, ó na ọwọ́ sí ọ lẹ́yìn mi, ó gbé e lé ọ lórí, ó ní, "Ọmọ yìí kò níí jìyà." Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, mo tún ní kó padà wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i láti ojú fèrèsé, mo sì lọ fara pamọ́ sínú yàrá tí à ń kó ìwé sí títí ó fi lọ. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á mọ̀ pé abẹ́ igi ni mo jókòó sí tí mo fi wọn oko, wọ́n á lé mi, ebi á sì tún pa wá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn.

Wọ́n gbà mí sí iṣẹ́ pátápátá, bí mo ṣe fẹ́. Nígbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó lọ́dún yẹn, wọ́n tún rán mi lọ sí apá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Mo kọjá níbi tí àwọn obìnrin alágbàṣe jókòó yí òkìtì kòkó ká, tí wọ́n ń fọ́ ọ fún àbúrò ọkọ yẹn. Ọ̀kan nínú wọn gbé orí sókè. Màmá Àbígéèlì ni. Ó ń gba iṣẹ́ òòjọ́ nínú oko tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ó kí mi! Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ńkọ́?"

Mo yí padà, mo lọ wọ mọ́tò.

Kí oṣù yẹn tó parí, mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ bínú títí, ó ní, "Ta ló ń fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nírú àkókò yìí?" Mo ní ìtọ́jú ọmọ ti pọ̀ jù fún mi. Ibi tí àṣìṣe mi kejì wà nìyẹn, ó sì ju èkíní lọ. Mo sá. Sísá mi kò dá igi kòkó kan padà fún obìnrin náà. Nígbà tí o wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo lọ wá a láti tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ó ti kú, wọ́n sì fi ibojì hàn mí. Mo ti jẹ oúnjẹ púpọ̀ láti ìgbà náà wá, Àṣàkẹ́, àmọ́ iyán abẹ́ igi obì yẹn kò tíì dà nínú mi.

Wàá ní tìrẹ kò jọ tèmi. Wàá ní ìwọ rìn ín, o kò jókòó. Òótọ́ ni, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Irọ́ tèmi, inú ìwé tí ikán lè jẹ ló wà, ẹni tó bá fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì á sì mú mi. Tìrẹ, òjò kò lè pa á rẹ́, bí wọ́n bá sì tún rìn ín nígbà ogún, ìlà yẹn á bára mu. Sátẹ́láìtì rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀. Kò rí ẹni tó ni ibẹ̀. Ilé ẹjọ́ á gbà ọ́ gbọ́ ju bí wọ́n ṣe gba èmi gbọ́ lọ, nítorí o ní fọ́tò, o ní ìtẹ̀ka, o ní ìlà tó pa ẹnu dé.

Nílẹ̀ wa, ẹnì kan kì í dá rin ààlà. Kí téèpù tó dé rárá, bí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí oko pín sí, ẹni tó ni ọ̀tún á wá, ẹni tó ni òsì á wá, wọ́n á jọ tẹ̀ lé pèrègún láti ìdí kan dé ìdí kejì, olúkúlùkù á sì máa sọ ọ́ lójú èkejì pé, "Títí dé ibí ni tèmi." Bí ẹnì kan bá wà lájò, wọ́n á dúró dè é. Bàbá mi dúró de ẹni tí wọ́n jọ pààlà fún odidi oṣù méjì nígbà kan, kò sì gbé àdá kan ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Nígbà yẹn, mo rò pé àwọn àgbà kò mọ iyì àkókò ni. Fọ́ọ̀mù inú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ béèrè ẹni tó rìn, kò béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìwọ ni kí o béèrè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ bá ọ̀gá rẹ lọ́la, kí o sọ fún un pé o ti ṣì oko kan kọ, o sì fẹ́ lọ tún un rìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Má di ẹ̀bi ru ọkùnrin náà, má di í ru ẹ̀rọ. Kí o wá béèrè ilé tí Ìyá Bọ́sẹ̀ wà ní Àkúrẹ́; ìlú kan náà lẹ wà, àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Ra ọṣẹ ọmọ dání, kí ìyá ọmọ, gbé ọmọ náà mọ́ra, lẹ́yìn náà ni kí o kúnlẹ̀ sọ ohun tí o ṣe. Bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda Ọjọ́bọ̀ fún ọ. Pe ọkùnrin náà síbẹ̀, pe àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà, kí gbogbo yín jọ rìn ín. N kò sọ pé olè lọkùnrin náà o. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nìkan lo mọ̀. Bó bá jẹ́ pé òun ló ni gbogbo rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan péré lo pàdánù.

Mo gbọ́ ohun tí o ń sọ nínú ọkàn rẹ. "Màmá, ọ̀gá máa bínú. Iye oko mi máa dín. Oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì ṣe jù ni wọ́n máa mú lọ síwájú." Mo mọ̀. N kò fojú kékeré wo ebi, ọmọ mi, a ti jọ gbé yàrá kan rí. Bí wọ́n bá tìtorí òótọ́ lé ọ, máa bọ̀ wálé. Ṣúgà ṣì wà nínú ìsọ̀, ọṣẹ ṣì wà, n kò sì ní bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé. Àmọ́ má ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ bí mo ti ṣe, kí o wá pè é ní ẹ̀rí ọkàn. Dúró níbẹ̀, kí o sì tún un ṣe.

Mo fẹ́ gbé lẹ́tà yìí fún awakọ̀ kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́, yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Èrò mi ni pé kí n jókòó sílé kí n máa retí èsì. Mo ti wò ó, n kò ní lè ṣe é. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, màá wà ní Ìgbàrà-Òkè, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò. Bí o bá mú Ìyá Bọ́sẹ̀ wá, èmi á máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn jẹ́jẹ́, n kò ní dá sí i. Bí o kò bá wá, n kò ní ṣépè, n kò sì ní pè ọ́ lórí fóònù. Màá béèrè ọ̀nà títí màá fi dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Bọ́sẹ̀, màá jókòó síbẹ̀ títí yóò fi ti Àkúrẹ́ dé, ọjọ́ yòówù kó jẹ́. Bó bá dé, màá sọ fún un pé ọmọ mi ló kọ oko rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àti pé òun kọ́ ni opó àkọ́kọ́ tí ìdílé wa ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.